Ẹni Tí Yóò Wà Níbẹ̀ Nígbà Tí Tìmí Bá Jí

Kò sẹ́ni tó nílò aago ìdágìrì nílé wa ní àdúgbò Atong Abè ní Libreville, olú ìlú Gabon, nítorí igbe Tìmí ni aago wa. Àbúrò mi ọkùnrin ni, Tìmílẹ́yìn gan-an lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì ní ìwà kan tí gbogbo àgbàlá mọ̀ mọ́ ọn: kò gbọdọ̀ jí kó má bá ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Màmá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ló máa ń sùn. Bí oorun bá ti ń dá lójú rẹ̀ báyìí, tí ojú náà kò tíì là tán, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa wá ìṣẹ́tí ìró Màmá Àgbà kiri lórí ẹní. Bó bá bá a, á rọra dì í mú, á tún ojú pa dé, ilé á sì tòrò. Bí kò bá bá a, bóyá nítorí pé Màmá Àgbà ti lọ gbé omi ògì kaná, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi pé ará àdúgbò Nombakélé lè gbọ́ igbe ọ̀hún. Nígbà tó yá, Màmá Àgbà a máa bọ́ ìró náà sílẹ̀ fún un lórí ẹní, á wá òmíràn ró lọ sídìí ààrò, ṣùgbọ́n Tìmí kì í ṣe ọmọ tí wọ́n lè fi aṣọ lásán tàn jẹ. Ó fẹ́ kí ènìyàn wà nínú ìró náà.

Ilé ayálégbé ni ilé ọ̀hún. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni tiwa, ìdílé méjì mìíràn sì wà nínú àgbàlá, a jọ ń pọn omi níbi ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó máa ń hó bí ẹni tí inú ń bí kó tó sun omi. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní ilé iṣẹ́ kan létí òkun, kí oòrùn tó yọ ló ti máa ń jáde. Màmá mi ń ránṣọ ní pálọ̀. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu fèrèsé, bó bá sì ti jókòó tì í, orin ló kù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa bá orin náà rìn, débi pé bí orin bá falẹ̀, aṣọ náà á falẹ̀. Màmá Àgbà a máa ké sí i láti ìdí ààrò pé kó jọ̀ọ́ mú orin tó yára, kí aṣọ ìgbéyàwó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ má baà di aṣọ ìkómọ. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, àkàrà la máa ń fi mu ògì. Tó bá di Sátidé, tí átángà bá wà lọ́jà, a ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná títí ara rẹ̀ tó dúdú mọ́ pupa yẹn á fi rọ̀, a ó bu iyọ̀ sí i, a ó sì fi búrẹ́dì jẹ ẹ́. Màmá Àgbà ní èso náà kò tíì pinnu bóyá èso lòun fẹ́ jẹ́ tàbí bọ́tà. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa bomi rin ewé tíì tó gbìn sínú bàsíà ògbólógbòó lẹ́nu ọ̀nà, mo sì máa ń gbàgbé, òun náà a sì máa rí i lójú mi kó tó dé ìdí bàsíà pé mo ti gbàgbé.

Ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ibà mú Tìmí. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n gbé e padà, wọ́n tún gbé e lọ. Lọ́jọ́ kẹrin Bàbá mi nìkan ló kọ́kọ́ wọlé. Bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí di òní mi ò mọ ìdí tó fi bọ́ ọ. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tó tẹ̀lé e. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí kì í sin ọmọ rẹ̀, kì í tẹ̀lé e dé ibojì, kì í sì í mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Àwọn ẹlòmíràn ló máa ń bá a ṣe é. Àwọn ìyá ìjọ jókòó ti Bàbá àti Màmá mi nínú yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ mẹ́rin sì gbé Tìmí jáde. Wọ́n ní kí Màmá Àgbà náà jókòó, pé àgbàlagbà kì í tẹ̀lé òkú ọmọdé. Ó dá wọn lóhùn pé òun lòun wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òun náà lòun wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí, òun ò ní í jẹ́ kó dá lọ. Ó fa ewé tíì kan tu tòun ti gbòǹgbò rẹ̀ nínú bàsíà, ó fi í sínú ọ̀rá, ó sì wọ ọkọ̀ lọ. Nígbà tó padà dé, ó ṣan ẹrẹ̀ pupa kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ Tìmí ti kó jáde nílé wa. Mo dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nídìí oúnjẹ, Bàbá mi sì wò mí lọ́nà tí mi ò fi dán an wò mọ́. Màmá mi ń ránṣọ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan là ń gbọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ti dá orin tó dá lórí ọ̀run, á rántí pé òùngbẹ ń gbẹ òun, á sì jáde. Mo rò pé ẹkún ló ń lọ sun níta. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ló tó sọ fún mi pé ìbínú ni. Ó ní kì í ṣe pé òun ò gbà gbọ́ pé àwọn tó sùn nínú Olúwa yóò jí. Ó ní ohun tó ń dun òun ni pé gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ìjí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún òun ibi tí ọmọ òun sùn sí.

Inú takisí ni ọ̀rọ̀ náà ti wá le jù. Bí ẹ bá fẹ́ wọ takisí ní Libreville, ẹ ó dúró lẹ́bàá títì, awakọ̀ á rọra sún mọ́ yín, ẹ ó sì sọ ibi tí ẹ ń lọ fún un láti ojú fèrèsé. Bó bá gbà, á tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó wọlé bá àwọn èrò tó ti wà níbẹ̀. Bí kò bá gbà, á wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìsọ̀rọ̀. Màmá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn awakọ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Nítorí pé kò mọ itẹ́ òkú tí Tìmí wà, gbogbo itẹ́ òkú tó wà nílùú ti di ti Tìmí, kò sì fẹ́ kọjá níwájú ọ̀kankan. Ọjà Mont-Bouët, níbi tó ti ń ra òwú àti bọ́tìnì, kò jìnnà sí wa rárá, síbẹ̀ takisí mẹ́ta mẹ́rin lè kọjá kí a tó wọ ọ̀kan. Bí awakọ̀ bá sì ṣàdédé yà láti lọ gbé èrò mìíràn, á ní kó dúró, a ó sọ̀, a ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù pẹ̀lú ẹrù lórí. Inú a máa bí mi sí i gan-an nínú oòrùn yẹn. Ojú ń tì mí báyìí pé inú bí mi.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, irú èyí tó máa ń tutù níbí, tí ojú ọ̀run á ṣú lóṣù mẹ́ta láìrọ ẹ̀kán òjò kan, ẹsẹ̀ Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè sọ ọ́ di tuntun. Màmá Àgbà ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà láti èdè Faransé fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó sì ní kí n bi í bóyá òun náà ti jẹun láàárọ̀. Kò sunkún, kò sì dibọ́n pé òun ò gbọ́. Ó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to aṣọ rẹ̀, ó ń pín wọn bí ẹni tó mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ òun yóò gbéra.

Bí ìròyìn náà ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, fóònù kò sinmi mọ́. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin wà níbẹ̀, òun ni àkọ́bí Màmá Àgbà. Èmi a máa pè é ní Tonton, bí àwọn ọmọ ibí ṣe ń pe arákùnrin òbí wọn. Tonton ti kọ́lé, ó sì ti ṣètò àyè ibojì kan nínú ọgbà ilé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú oórì bàbá rẹ̀, ó ti fi símẹ́ǹtì yí i ká. Ó ní kí wọ́n tètè gbé Màmá òun wálé nígbà tó ṣì lè jókòó nínú bàálù. Àgbàlagbà tó bímọ tó rọ́mọ-ọmọ, kí wọ́n wá sin ín sí ìdálẹ̀, ìtìjú ńlá ni lójú àwọn èèyàn wa. Màmá mi gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá mi tilẹ̀ gbà ju Màmá mi lọ, nítorí ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má baà sọ pé àna ló pa ìyá ìyàwó rẹ̀ tì sí àjò. Màmá Àgbà nìkan ni kò gbà. Ó ní Libreville ni kí wọ́n sin òun sí, ohùn tó fi sọ ọ́ ni ohùn tó fi máa ń sọ fún mi pé iyọ̀ ọbẹ̀ ti tó. Wọ́n bi í ní ìdí, ó ní kò sí ìdí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bínú, wọ́n rán pásítọ̀ sí i. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ pé àìsàn náà ti ń kan orí rẹ̀.

Ní Sátidé kan, bí Màmá mi ti lọ sọ́jà, Màmá Àgbà ní kí n wọ bàtà. Faransé rẹ̀ kò kọjá kíkí àti ìdúpẹ́, èmi ni agbẹnusọ rẹ̀ níbi gbogbo, nítorí náà mi ò bi í léèrè. Ó sọ ibi tí a ń lọ fún mi, mo sọ ọ́ fún takisí, ó tẹ fèrè, a wọlé. Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà tí mo rí àwọn àgbélébùú ni mo tó mọ irú ibi tó jẹ́. Ilẹ̀ pupa ni, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, koríko sì pọ̀ níbẹ̀. Màmá Àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ rìn, ó ń dúró mí, ó tún ń lọ, títí a fi dé ibi àgbélébùú onígi kékeré kan tí wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ àbúrò mi sí. Ojú oórì náà kò gùn ju tábìlì ìjẹun wa lọ. Ewé tíì tó gbìn síbẹ̀ ti gbilẹ̀, ó ti ga dé ìbàdí mi. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó ní kí n máa tu koríko tó yí i ká, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ti ń gbá ibùsùn fún ọmọ pé kó wá sùn.

"Bọ́lá," ó ní, "ta ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ tó bá jí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá Àgbà."

"Olúwa á pè é lọ́jọ́ kan, á sì jí. Ìyẹn ò dà mí láàmú rárá, ó dá mi lójú bí mo ṣe jókòó yìí. Ṣùgbọ́n èrò á pọ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo àwọn tó sùn síbí yìí ni yóò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì mọ ẹnì kankan nínú wọn. Tí mo bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n tó débí, á ti sunkún."

Mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi déédéé, mo sì jẹ́ ọmọ tó fẹ́ràn láti máa tún ọ̀rọ̀ àgbà ṣe. Mo sọ fún un pé olùkọ́ wa ní kò ní í sí ẹkún níbẹ̀, pé Jésù fúnra rẹ̀ ni yóò nu omijé gbogbo ènìyàn. Ó mi orí, ó ní òótọ́ ni.

"Jésù náà ní ìyá," ó ní. "Á yé e."

Mo ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀ lórí àjíǹde láti ìgbà náà. Mo ti gbọ́ àwọn tó kàwé ń ṣàlàyé irú ara tí a ó gbé wọ̀, àti ìdí tí ọmọ ọdún mẹ́ta kò fi ní í nílò ìró ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, mi ò bá wọn jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nínú gbogbo wọn, mi ò tíì rí ẹni tó gba ọjọ́ náà gbọ́ tó Màmá Àgbà, tó fi ń ronú ibi tí òun yóò dúró sí bó bá dé. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ fún Màmá mi. Ìyá ọmọ kì í gbọ́ irú rẹ̀ létí, ìdí nìyẹn tí òun náà kò fi lè sọ ìdí tí òun fi fẹ́ dúró. Ó ní òun ò ní kí n purọ́, pé kí n kàn dákẹ́.

Mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà Tonton fúnra rẹ̀ wọ bàálù dé. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wọn jókòó ní pálọ̀, Màmá Àgbà na ẹsẹ̀ sórí àpótí, èmi wà nílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Tonton fi àwòrán ibi tó fi símẹ́ǹtì ṣe hàn án. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbéra. Màmá Àgbà ní òun ò lọ. Tonton kì í ṣe ènìyàn burúkú, èmi náà rí i pé ó dùn ún dé eegun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ pálọ̀ wa pẹ̀lú agbádá tó fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Màmá, kí ni mo ṣe fún yín tí ẹ fi fẹ́ dójú tì mí?" Màmá Àgbà yíjú sí ògiri, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò rí i kó sunkún rí, kì í tilẹ̀ ṣe lọ́jọ́ tí Tìmí kú. Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní Faransé kí n tó rántí pé Tonton kò gbọ́ ọ, mo sì tún un sọ.

"Tonton, ẹ má bínú. Ẹ̀gbẹ́ Tìmí ni wọ́n fẹ́ sùn sí. Kó má baà jí, kó má bá ẹnì kankan."

Bàbá mi dìde láti fà mí jáde. Màmá mi ní kó fi mí sílẹ̀. Kò wo ìyá rẹ̀, èmi ló ń wò, ojú rẹ̀ kò sì ṣẹ́. Ó bi mí bóyá mo ti débẹ̀. Mo ní mo ti débẹ̀.

"Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

Mo sọ fún un pé ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbẹ̀, pé orúkọ rẹ̀ wà lára igi, pé ewé tíì inú bàsíà wa ti hù níbẹ̀, ó ti ga dé ibí yìí lára mi, mo sì fi ọwọ́ kan ìbàdí mi. Màmá mi kúnlẹ̀, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, ó sì sun ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, Tonton rọra sọ fún un pé kó ronú dáadáa, pé bí wọ́n bá sin Màmá síbẹ̀, ó di dandan kó lọ, á sì rí ohun tí òbí kì í rí.

"Ojú oórì ìyá rẹ̀ ló ń lọ," Màmá Àgbà dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ ti padà sí bó ṣe máa ń rí. "Ta ló máa ní kí ọmọ má sin ìyá rẹ̀? Ohun tó bá wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ ò lè ní kó fi aṣọ bojú."

Ìgbà yẹn ni gbogbo wa tó mọ ohun tó ti ń rò láti ọjọ́ yìí wá. Tonton wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀. Ó ní láti kékeré òun ni òun kò tíì borí obìnrin yìí rí.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Màmá Àgbà fi lọ, Tonton sì dúró tì wá. Àárọ̀ ni. Ó ti mu ògì díẹ̀, ó ní kí Màmá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ kó kọrin fún òun, kó sì mú èyí tó falẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kò sí aṣọ ìgbéyàwó nílẹ̀. Màmá mi kọ ọ́, nígbà tó sì kọ ọ́ tán, Màmá Àgbà ti sùn. Ní itẹ́ òkú, èmi ni mo di ọwọ́ Màmá mi mú. Mo rí àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń wò ó, tí wọ́n ń mi orí. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ sórí pósí ìyá rẹ̀ bí ọmọ ti ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó jókòó sínú koríko, ó sì fi ọwọ́ pa ewé tíì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí òórùn rẹ̀ fi gba gbogbo ibẹ̀. Inú mi dùn. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí inú ènìyàn dùn níbi ìsìnkú, àmọ́ inú mi dùn.

"Ìyá mi," ó ní, "tó bá jí kí n tó dé, ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀."

Irun tèmi náà ti ń funfun báyìí, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ náà sì ti di ti pálọ̀ mi. Gbogbo àárọ̀ Àjíǹde la máa ń lọ síbẹ̀ lọ tu koríko. Màmá mi ti sọ fún Bàbá mi àti fún pásítọ̀ pé apá kejì Tìmí ni àyè tòun, kí ọmọ náà lè wà láàárín. Tonton gbọ́ ọ lórí fóònù, ó kàn mí kanlẹ̀. Ní Àjíǹde tó kọjá yìí, takisí kan sún mọ́ wa lẹ́bàá títì, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá mi sì ti na ọrùn sí fèrèsé kí n tó yanu. Ó dárúkọ itẹ́ òkú náà ketekete, bí ẹni ń dárúkọ ọjà. Awakọ̀ náà bojú wo aṣọ funfun tó wà lọ́rùn wa, ó béèrè bóyá òkú la fẹ́ lọ sin. Màmá mi ní rárá, pé ìyá òun àti ọmọ òun ló ń sùn lọ́hùn-ún, òun fẹ́ lọ wò wọ́n ni. Ó tẹ fèrè. A wọlé.